Àkàbà Ni Wọ́n Ń Sanwó Fún

Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ̀fẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín ṣe lónìí o. Kí ẹnikẹ́ni má fajú ro. Bí mo bá rán aṣọ kan tó bá yín lára mu, ẹ wọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Bí kò bá bá yín mu, ẹ máa fi ẹnìkejì yín rẹ́rìn-ín lọ, tiyín ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílùú Ìbàdàn yìí kò ní oríkì. Àgbẹ̀ ní tirẹ̀, ọdẹ ní ìjálá, alágbẹ̀dẹ ní Ògún lẹ́yìn. Ta ni yóò ki ẹni tó ń ṣọ́ ráútà? Nígbà tí wọ́n bi ìyá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí lọmọ yín ń ṣe, wọ́n ní, "Ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe." Láti ọjọ́ Àìkú yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ń gbé áyọ́ọ̀nù, rìmóòtù àti fáànù wá bá mi. Ìyá kan tiẹ̀ gbé bíléńdà wá, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo tún un ṣe. Kí ni ǹ bá ṣe?

Iṣẹ́ náà rèé. Iléeṣẹ́ ńláńlá máa ń gba ẹni tí yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Apá àwọn kéékèèké ò ká ìyẹn, ni wọ́n fi ń pe irú wa. Wọ́n á máa san iye kan lóṣooṣù, àwa á sì máa bójú tó gbogbo ohun tó ní wáyà nídìí àti èyí tí kò ní: kọ̀ǹpútà, Wi-Fi, e-mail, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. (Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n dá a sọ. Ọ̀tá ni.) Oníbàárà mọ́kànlá ni mo ní. Bó bàjẹ́, bí kò bàjẹ́, owó oṣù ni.

"Bí kò bàjẹ́" yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Alhaja mi kan wà ní Dùgbẹ̀ tó ń ta ìrẹsì àti òróró. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni wọ́n ní, a sì so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra wọn, débi pé bí wọ́n bá ta kóńgò kan ní Àpáta, Alhaja á rí i lójú ẹsẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí ní Dùgbẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, mo gbé invoice lọ. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á, wọ́n bọ́ awò ojú.

"Ẹnjiníà, kí lo ṣe lóṣù yìí?"

"Alhaja, kò sóhun tó bàjẹ́ lóṣù yìí, mà."

"Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn. Kò sóhun tó bàjẹ́. Kí wá ni mo fẹ́ sanwó fún?"

Oṣù kejì, wáyà kan já ní ṣọ́ọ̀bù kẹta. Mo sáré lọ, mo tún un ṣe, mo tún gbé invoice dé.

"Ẹnjiníà, mò ń sanwó fún ọ, nǹkan tún ń bàjẹ́. Kí wá ni mo ń sanwó fún?"

Mo dúró, mo ń wá ibi tí wọ́n ń gbà jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí, n ò rí i. Bó bàjẹ́, mo jẹ̀bi. Bí kò bàjẹ́, n ò ṣiṣẹ́. Lọ́yà kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, mo sì ní lọ́yà lóníbàárà; a máa tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí Alhaja ò mọ̀ ni pé lóru tó ṣáájú, ní aago méjì, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi nínú ṣòkòtò péńpé, mo ti ilé mi ń fi àtúnṣe tí Microsoft ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n má bàa dí ọjà lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ́ sílẹ̀, tó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa kárí ayé, tó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀ bí ajínigbé, tó tiẹ̀ wọ ọsibítù ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oògùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹta. Àwọn tí wọ́n ti fi oògùn náà sí tiwọn sùn fọnfọn. Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó kí wọn kú iṣẹ́. Àwọn tó ń sáré sókè sódò lẹ́yìn tó bàjẹ́ tán ni tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn.

Lójú mi báyìí ni mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Alhaja lọ́jọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ náà bí ẹni tó fẹ́ tọrọ ọmọ. Ó bú u. Ó fi sípánà gbá a. Ó dìde, ọ́ìlì dé ìgbọ̀nwọ́, òógùn ń ro tótó létí rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun bu omi àti ọṣẹ. Kó tó fọ ọwọ́ tán, Alhaja ti ka owó sílẹ̀. Wọ́n tún fi kún un, wọ́n ní kó fi ra Malt mu. Jẹnẹrétọ̀ yẹn tún kọ̀ láti tàn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alhaja ò bi í pé kí wá lòun sanwó fún. Wọ́n rí òógùn, òógùn ni wọ́n rà.

Mo gbìyànjú láti jiyàn. Mo ní, "Alhaja, ẹ̀ ń sanwó fún ọlọ́dẹ àdúgbò lóṣooṣù. Olè mélòó ló mú?"

Wọ́n ní, "Ọlọ́dẹ ń fọn fèrè. Mò ń gbọ́ ọ lóru."

Ẹ̀yin èèyàn mi, fèrè ni mi ò ní.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó gbọ́n ni, ó kàn ń pẹ́ dé ni. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa gbé àkàbà lọ." Mo ní àkàbà kí la fẹ́ fi ṣe nígbà tó jẹ́ pé orí tábìlì ni gbogbo nǹkan wà? Ó ní kí n ṣáà rà á. A ra àkàbà aláyọ́mínọ́ọ̀mù kan tó ń tàn yanran. Lọ́jọ́ owó oṣù, a gbé e wọ ọ́fíìsì Alhaja, ariwo rẹ̀ nìkan ti tó fèrè méjì. Ọmọ iṣẹ́ mi gùn ún, ó ṣí páálí òrùlé kan, ó ki orí bọ ibẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Áà!"

Mo di ẹsẹ̀ àkàbà mú nísàlẹ̀. Mo ní, "Ṣó rí bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Ó rí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá."

Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú jàǹkáríwọ̀ lórí. Alhaja ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ mà ń ṣiṣẹ́ gan-an." A ò tíì ká àkàbà tán tí owó fi wọlé.

Bí Alhaja bá ń ka èyí, mà, ẹ dárí jì wá. Kò sí nǹkan kan nínú òrùlé yẹn àfi ìtẹ́ aláǹgbá.

Ó yá, ẹ̀yin akáǹtì. Ọ̀kan nínú yín wà ní ọsibítù aládàáni kan tí mò ń bójú tó. Èmi ni mo ṣòfin pé gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa yí password wọn padà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ sí àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àǹtí akáǹtì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Oluwaseun1. Òfin dé, ó di Oluwaseun2. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, ó ti di Oluwaseun23, wọ́n sì kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù kí ojú ayé má bàa rí i. Bí ọ̀gá wọn bá fẹ́ mọ iye ọdún tí àǹtí ti lò níbẹ̀, kó má wá fáìlì kiri o, kó pín password wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ṣùgbọ́n n ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Láti ọdún 2017 ni NIST, àwọn tó ń gbé ìlànà irú nǹkan wọ̀nyí kalẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ti sọ pé kí a yé fipá mú èèyàn yí password láìnídìí, nítorí ohun tí wọn yóò ṣe kò ní ju ohun tí àǹtí ṣe yìí lọ. Mo kà á. Mo gbà á. N ò kàn tíì débi tí mo ti máa pa òfin náà rẹ́ ni.

Mo ti ṣèlérí pé a máa dé ọ̀dọ̀ lọ́yà.

Ilé lọ́yà kan ni, ní Ring Road. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó ìwé lọ sí kóòtù. Aago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo network wọn kú fin-ín-fin-ín. Mo dé ibẹ̀, lọ́yà àgbà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ́là funfun lọ́rùn. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, wákàtí kan ni mo fún ọ." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, àfi bí adájọ́ tó fẹ́ dá ẹ̀wọ̀n.

Mo wọ yàrá kékeré tí switch wà. Àpótí pẹlẹbẹ tó ní ihò mẹ́rìnlélógún ni, wáyà tó ti ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wá ló ń wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, iná kékeré kan sì wà lórí ihò kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ara bá dá, iná wọ̀nyẹn á máa ṣẹ́jú níkọ̀ọ̀kan, bí àgbàlagbà tó ń tòògbé. Lọ́jọ́ yìí, gbogbo wọn ló ń ṣẹ́jú pọ̀, wìì-wìì-wìì, bí ojú ẹni tí ata rodo ta sí. Mo pa á, mo tún un tàn. Ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn lọ́yà hó yè. Kí ariwo wọn tó balẹ̀, ó tún kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíní, kò sí ìyàtọ̀. Ìkejì, kò sí. Lọ́yà àgbà ń wo aago. Nígbà tí mo yọ ti ihò kẹtàdínlógún, gbogbo iná sinmi wọ̀ọ̀. Mo fa wáyà náà, mo ń tọ̀ ọ́ lọ, kí n lè mọ kọ̀ǹpútà tó ní in. Ó gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó yí páálí ìwé ká, ó padà wá sọ́dọ̀ mi, ó wọ ihò kẹsàn-án lára switch kan náà. Orí rẹ̀ wà nínú ilé, ìdí rẹ̀ wà nínú ilé.

Mo jáde sí gbọ̀ngàn. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ta ló ki wáyà yìí bọ ibẹ̀?"

Kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé òfin fún àwọn láyè láti dákẹ́.

Ọmọ kọ́pà kan ló gbọ́wọ́ sókè lẹ́yìn. Ó ní, "Sà, mo rí i tó ń rọ̀ sílẹ̀, mo ní ó lè gbé ẹnìkan ṣubú." Ọmọ dáadáa ni. Ilé rere ló ti wá. Wọ́n kọ́ ọ nílé pé tó bá rí nǹkan nílẹ̀, kó gbé e síbi tó yẹ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: bí kọ̀ǹpútà kan bá ń wá òmíràn nínú ilé, ariwo ló máa ń pa, pé, "Ta ni 192.168.1.20 níbí o?" Switch á gba ariwo náà, á sọ ọ́ gba gbogbo ihò yòókù, kí onítọ̀hún lè gbọ́ kó dáhùn. Ṣùgbọ́n bí wáyà kan bá jáde lára rẹ̀ tó tún padà wọlé sára rẹ̀, ariwo tó sọ jáde á padà wá bá a, á rò pé tuntun ni, á tún sọ ọ́ jáde. Bí ìgbà tí ẹ sọ fún ìyá onígaàrí láàárọ̀ pé wọ́n ti lé ọkọ àǹtí onírun kúrò níbi iṣẹ́. Ìyá onígaàrí sọ fún ẹlẹ́ja, ẹlẹ́ja sọ fún aláta, aláta sáré wá sọ fún ìyá onígaàrí. Ìyá onígaàrí figbe ta, "Háà! Òmíràn tún ni?" Ni wọ́n bá tún gbé e kiri lákọ̀tun. Kó tó di ọ̀sán, kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ọjà.

Switch kan wà tó máa ń rí irú wáyà bẹ́ẹ̀ tí yóò sì dí ihò náà fúnra rẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí lọ́yà àgbà ní oṣù mẹ́fà ṣáájú pé kí wọ́n rà á. Wọ́n dá lẹ́tà náà padà fún mi. Wọ́n kọ "Noted" sí etí rẹ̀, pẹ̀lú yíǹkì pupa.

Mo kọ owó iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀, nítorí kò sí nínú owó oṣù. Lọ́yà àgbà ní, "Wáyà kan ṣoṣo ni o yọ."

Mo ní, "Sà, ẹ̀yin náà, ẹ máa ń lọ sí kóòtù lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, ẹ sì máa ń gbowó ọjọ́ yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn, wọ́n sì san ìdajì. Ìdajì tó kù, wọ́n ní àwọn sún un síwájú.

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ kí wọ́n má bàa pè mí lẹ́jọ́. Ìlú Abidjan ni mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 2024, Super Eagles bá Côte d'Ivoire gbá àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan. Ilé-ìwé kan wà ní Bódìjà tí mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. NEPA mú iná lọ. (NEPA kú lórí ìwé lọ́dún 2005, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń pe orúkọ àwọn tó jogún rẹ̀?) Bàbá ọlọ́dẹ ronú jinlẹ̀. Wọ́n rántí pé àpótí dúdú kan wà nínú ọ́fíìsì tó máa ń gbé iná dúró. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n yọ UPS náà kúrò nídìí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo ilé-ìwé, wọ́n gbé e wá sí ilé géètì, wọ́n so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Eagles ló kọ́kọ́ jẹ gọ́ọ̀lù, mo gbọ́ pé bàbá jó. Lẹ́yìn náà Côte d'Ivoire dá a padà, wọ́n tún fi kan lé e, 2–1, UPS náà sì gbẹ́mìí mì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sí iná tó lọ tó bọ̀ tí kò wọ sáfà náà lára ní tààrà, ìwé èsì ìdánwò kọ̀ láti ṣí. Mo bi bàbá léèrè. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn rọlẹ̀. Ìbànújẹ́ tó wà nílẹ̀ ti tó."

Mo ní kò burú, Abidjan ti gba ife, ó ti gba UPS, ó parí síbẹ̀.

Kò parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, oṣù kan péré sí i, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní àárọ̀, kò sì dákẹ́ mọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ò sí. Oníbàárà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló pè, kódà ẹni tó ti lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún kan ṣáájú pè. Èmi náà, mo ṣe bí a ti ń ṣe: mo ní kí oníkálukú pa ráútà rẹ̀, kó tún un tàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí àwọn kan ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé okùn mẹ́rin ló ní ìṣòro nísàlẹ̀ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, létí Abidjan. Abidjan yìí kan náà! Ẹ wò ó, abẹ́ òkun ni íntánẹ́ẹ̀tì wa ń gbà wá láti Yúróòpù, nínú okùn tí inú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí. Bí ó bá já lọ́hùn-ún, ẹ lè pa ráútà yín lẹ́ẹ̀mejìlélógún, ẹja kankan ò ní bá yín so ó.

Mo tẹ Alhaja láago, mo ṣàlàyé. Mo sọ nípa òkun, mo sọ nípa ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n máa ń fi wá ibi tó já, mo ní ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Wọ́n ní, "Abidjan yìí, ṣé o ò lè lọ wò ó ni?"

Mo ní, "Alhaja, ìsàlẹ̀ òkun ni, mà."

Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, kó o gbé àkàbà yẹn dání."

Ọdún 2024 kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje, ọjọ́ Ẹtì, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní CrowdStrike fi àtúnṣe tí kò jiná ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Microsoft ní kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ ló kàn. Ojú wọn di búlúù bí aṣọ ẹ̀tù. Ọkọ̀ òfurufú ò lè gbéra, ọsibítù ń fi bírò kọ orúkọ. Bàbá kan tó ní ilé epo, oníbàárà mi ni wọ́n, pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ayọ̀ kún ohùn wọn.

"Ẹnjiníà! Ṣé o gbọ́? Gbogbo ayé dojú rú, tèmi ń ṣiṣẹ́ kàbìtì! Ìwọ tó o ní kí n ra ààbò!"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń bẹ bàbá kí wọ́n ra ààbò èyíkéyìí, ti ilẹ̀ wa, ti ilẹ̀ wọn. Wọ́n kọ̀. Àrùn tó ń pa àwọn tó lọ gba abẹ́rẹ́ ò mọ ọ̀nà ilé ẹni tí kò lọ. Windows 7 ló wà lórí kọ̀ǹpútà bàbá títí di bí mo ṣe ń wí yìí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn ti tálákà débi pé bí olè bá wọ inú rẹ̀, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà sílẹ̀ lórí tábìlì, yóò sì rọra ti ilẹ̀kùn. (Ẹ má bi mí ohun tó wà lórí láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń kọ èyí. Windows 10 ni. Ìyẹn náà ti pàdánù àtúnṣe ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Mò ń bọ̀ wá ṣe é.)

Màmá tó ni ilé-ìwé Bódìjà ńkọ́? Mo ti sọ fún wọn nípa ẹ̀dà fáìlì: ẹ ní mẹ́ta, ẹ fi wọ́n sórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ọgbà ilé-ìwé rárá. Wọ́n ní àwọn ti ṣe é. Inú mi dùn, n ò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ UPS ni mo wá rí i pé ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé lóòótọ́, orí dísíkì kan náà ni gbogbo wọn wà. Ọ̀kan ń jẹ́ "Backup". Èkejì ń jẹ́ "Backup Gidi". Ẹ̀kẹta wà nínú "Backup Gidi". Dísíkì náà kú, ó kó bàbá, ìyá àtọmọ lọ. Ohun tó yọ wá ni pé tíṣà kan tí wọ́n máa ń bá wí pé ó ń gbé iṣẹ́ lọ sílé ti kó gbogbo èsì náà sórí fláàṣì rẹ̀ láìgba àṣẹ. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku èmi. Ẹni tó bá ń fi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi òun náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ "Global" wà nínú orúkọ iléeṣẹ́ mi. Èmi, ọmọ iṣẹ́ mi, Corolla kan àti àkàbà ni gbogbo àgbáyé náà. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lórí káàdì wa, fún ẹ̀ka ìnáwó, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Nínú àpò ṣòkòtò mi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń dún. Bí ẹ bá pe ẹ̀ka ìnáwó tí ẹ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ lẹ fẹ́, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀, mò ń so yín pọ̀ mọ́ wọn." Màá gbé fóònù láti etí ọ̀tún sí etí òsì, màá wú ikọ́, màá sì fi ohùn ìsàlẹ̀ dáhùn. Lọ́yà àgbà ti sọ fún mi rí pé ọ̀gbẹ́ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ wa mọ̀wà á hù ju èmi lọ.

Nílé ńkọ́? Password Wi-Fi ilé mi ni èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ráútà ní iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ìyàwó mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. N ò ronú rárá, mo ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè wá. Ẹ bá wa pa ráútà náà, kẹ́ ẹ tún un tàn."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Dádì, ṣé mo ti di oníbàárà yín ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, èló ni owó oṣù, kí n san án kẹ́ ẹ lè wá?"

Wáyà tó wà lẹ́yìn ráútà náà ti jẹrà láti ọdún tó kọjá. Ó nílò orí tuntun, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Alhaja mi ní Dùgbẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kan ló kù, mà. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ ní oṣù tó kọjá. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀. Owó oṣù méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ yín. A ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àkàbà ti wà lórí mọ́tò.